Bí A Bá Mọ̀ Lójú Àlá Pé Àlá Ni

Ẹsẹ Bíbélì fún kíkà: 1 Ọba 3:5–15, Àìsáyà 29:7–8, Jeremáyà 23:25–28, Mátíù 5:27–28.

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń bá pàdé nínú kíláàsì àgbà. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ wa ń béèrè rẹ̀, ọ̀pọ̀ òbí kò sì mọ èsì tí wọn yóò fọ̀. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ènìyàn lè kọ́ bí a ti í mọ̀, nígbà tí oorun ṣì wà lójú rẹ̀, pé àlá ni òun ń lá. Àti pé ẹni tí ó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ lè darí àlá náà, kí ó fò bí ẹyẹ, kí ó lọ sí ibi tí ó wù ú, kí ó kojú ohun tí ń lé e. Ǹjẹ́ òtítọ́ ni? Ṣé kì í ṣe oògùn? Bí ènìyàn bá sì ṣe ohun tí kò tọ́ nínú irú àlá bẹ́ẹ̀, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni ó wúwo jù, òun ni a ó sì pẹ́ lórí rẹ̀.

Òtítọ́ ni pé ó ń ṣẹlẹ̀, kì í sì í ṣe ohun tuntun. Ní nǹkan bí ọdún 415, Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Hippo ní àríwá ilẹ̀ Áfíríkà, kọ lẹ́tà sí Evodius ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó sọ nípa dókítà kan ní Carthage tí ń jẹ́ Gennadius, ẹni tí ó ti ń ṣiyèméjì rí bóyá ìyè wà lẹ́yìn ikú. Lójú àlá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan mú un lọ sí ìlú kan, ó sì gbọ́ orin dídùn níbẹ̀. Ní òru kejì ọ̀dọ́mọkùnrin náà tún yọ sí i, ó bi í bóyá ojú oorun ni ó ti rí ìlú náà tàbí ojú ayé. Ó dáhùn pé ojú oorun ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní òótọ́ ni, àti pé nísinsìnyí pàápàá, ojú oorun ni ó ti ń rí òun. Ó bi í níbo ni ara rẹ̀ wà. Ó ní ó wà lórí ibùsùn. Ó bi í bóyá ó mọ̀ pé ojú ara náà ti padé. Ó ní òun mọ̀. Ó wá bi í pé ojú wo ni ó fi ń rí òun nígbà náà? Gennadius kò rí èsì fọ̀. Augustine lo ìtàn yìí láti kọ́ni nípa ìyè lẹ́yìn ikú, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ tiwa: ọkùnrin kan sùn, ó sì mọ̀ pé òun sùn.

Ó pẹ́ kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó gbà á. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1975, ní Yunifásítì Hull ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Keith Hearne bá ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Alan Worsley ṣe àdéhùn pé bí ó bá ti mọ̀ lójú àlá pé àlá ni, kí ó máa yí ẹyinjú rẹ̀ sí òsì àti sí ọ̀tún. Ìdí ni pé ní àkókò àlá tí ó hàn kedere, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kì í lè gbéra, ṣùgbọ́n ẹyinjú ń yí lábẹ́ ìpéǹpéjú. Worsley sùn, ó ṣe àmì náà, ẹ̀rọ sì gbà á sílẹ̀. Ní ọdún 2021 àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà, Faransé, Jámánì àti Netherlands ròyìn pé àwọn bi àwọn tí ń lá àlá ní ìbéèrè. Ọ̀kan nínú wọn tí a ní kí ó yọ 6 kúrò nínú 8 fi ojú dá wọn lóhùn pé 2 ni ó kù. Oògùn kankan kò sí níbẹ̀. Àwọn tí ó kó ìwádìí bí 50 ọdún jọ ní 2016 rí i pé nínú 100 ènìyàn, nǹkan bí 55 ni ó ti ní irú àlá bẹ́ẹ̀ rí, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Bí olùkọ́ bá béèrè nínú kíláàsì yín, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan na ọwọ́.

Bí wọ́n ti ń kọ́ ọ kò ṣòro láti sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ a fi ìwé àti kálámù sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, a sì kọ àlá rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó gbàgbé. Ní ọ̀sán, a máa bi ara rẹ̀ léèrè lọ́pọ̀ ìgbà bóyá òun ń lá àlá; a wo ìwé kan, a gbójú kúrò, a tún wò ó, nítorí lẹ́tà inú àlá kì í sábà dúró sójú kan. Bí ó bá sì ta jí ní ìdájí, kí ó tó padà sùn, a pinnu pé bí òun bá tún lá àlá, òun yóò mọ̀. Gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan fún àwa ará Èkó. Ìdájí ni àlá gígùn máa ń wá jù. Ẹni tí ń gbé Mushin, tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Victoria Island, tí ó gbọ́dọ̀ wà ní ibùdókọ̀ kí aago márùn-ún tó lù, ti gé apá yẹn kúrò nínú oorun rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì ti jẹ apá ìbẹ̀rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ gbèsè oorun. Kí ó kọ́kọ́ san án. Ẹni tí àìsàn ọpọlọ bá sì ti ṣe rí, tí ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, kí ó má dán an wò láìbá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ǹjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ńkọ́? Augustine kan náà ti wo ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé Ìjẹ́wọ́ rẹ̀, apá kẹwàá. Ó yà á lẹ́nu pé ohun tí òun kọ̀ nígbà tí òun lajú, òun gbà á lójú oorun, ó sì béèrè bóyá òun kọ́ ni òun ń jẹ́ nígbà náà. Èsì rẹ̀ ni pé nígbà tí òun bá jí, ọkàn òun a balẹ̀, nítorí òun kò ṣe é. A ṣe é nínú òun ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò gbà bẹ́ẹ̀. Bí o bá lá àlá pé o gbá ọ̀gá rẹ létí, kò sí díákónì tí yóò pè ọ́ lẹ́jọ́. Olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà ti sùn; ta ni ó fẹ́ bá a wí?

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ pé àlá ni òun ń lá ti jí olùṣọ́ náà. Kò lè lo àwíjàre Augustine mọ́. Ẹ wo Sólómọ́nì ní Gíbéónì. Ẹsẹ 15 sọ gbangba pé àlá ni. Síbẹ̀ Ọlọ́run bi í ní ohun tí ó fẹ́, ó yan ọgbọ́n, ó fi ọrọ̀ àti ẹ̀mí gígùn sílẹ̀, a sì ka yíyàn náà sí i lọ́rùn. Bíbélì kò sọ bóyá ó mọ̀ nígbà náà pé òun ń sùn, n kò sì ní fi kún un. Ohun tí ó hàn ni pé yíyàn ojú oorun kì í ṣe òfo ní gbogbo ìgbà.

Ẹnìkan yóò wí pé, "Àwòrán lásán ni. Ìyàwó oníyàwó tí mo bá rìn lójú àlá wà ní ilé ọkọ rẹ̀ ní Yábàá, kò tilẹ̀ mọ̀. Àlá tí ajá bá lá, inú ajá ní í gbé." Ọ̀rọ̀ yìí lágbára, kí olùkọ́ má sáré kọjá rẹ̀. Kò tọ́ kí a sọ pé ọgbọọgba ni pẹ̀lú àgbèrè: ilé kankan kò dàrú, a kò da ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń gbé inú gan-an ni Mátíù 5:28 ń bá wí. Lójú tèmi, àlá tí a mọ̀ ní àlá dà bí èrò tí ènìyàn jókòó tì lọ́sàn-án gangan. Bí ó ti bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Ohun tí o yàn láti ṣe lẹ́yìn tí o ti mọ̀, tìrẹ ni. Ẹni tí ó bá sì ń fi ìdùnnú ṣe é ní òròòru, ọkàn kan náà ni yóò gbé lọ sí ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fìyà jẹ ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ nítorí àlá tí ó mọ̀ lábọ́ọ̀. Ìmọ̀ ojú oorun a máa ṣú bàìbàì, bí ti ẹni tí a jí lójijì láàárín òru.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ilé wa wà lọ́tọ̀. Ní 2007, O. F. Aina ti Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀ Ìṣègùn ní Ìdí-Àràbà, pẹ̀lú O. O. Famuyiwa, kọ̀wé nípa ohun tí àwọn Yorùbá ń pè ní Ogun Òru, ìdààmú tí ń bá ènìyàn lójú oorun. Wọ́n ní àwọn ènìyàn a máa sọ pé ìjà ọkọ ayé àti ọkọ ọ̀run ló fà á, tàbí oúnjẹ tí a jẹ lójú àlá. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ìyàwó ilé jẹ àkàrà lójú àlá, ó rí ojú ìyá ọkọ rẹ̀ lára ẹni tí ó gbé e fún un. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìkíni ti dópin láàárín wọn, wọ́n sì ti ń pè ìyá arúgbó ní àjẹ́. Ẹ ka Àìsáyà 29:8 lórí ẹni tí ebi ń pa tí ó lá àlá pé òun ń jẹun, kí ẹ wo ohun tí ó bá nínú ara rẹ̀ nígbà tí ó jí.

A kò sọ pé Ọlọ́run kò lè bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lójú àlá. Ìtàn Jósẹ́fù kò jẹ́ kí a lè sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Jeremáyà 23:28 ní kí ẹni tí ó lá àlá rọ́ ọ ní àlá. Kò ní kí ó gbé e wá bí ẹlẹ́rìí láti fi dá àgbàlagbà lẹ́bi. Níhìn-ín ni ìmọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń béèrè lè wúlò. Àwọn kan tí ó ti ní i ròyìn pé nígbà tí àwọn mọ̀ pé àlá ni, tí àwọn dúró, tí àwọn yíjú padà bi ẹni tí ń lé wọn pé ta ni í ṣe, ẹni náà yí padà tàbí kí ó pòórá. Ojú ìyá ọkọ yẹn, ta ni ó gbé e wọ inú àlá? Ìjà owó oúnjẹ ọjọ́ Ẹtì ńkọ́, ṣé ó ti parí kí a tó sùn?

Fún ìjíròrò: Arábìnrin kan nínú kíláàsì wá sọ fún yín pé òun rí ẹnìkan nínú ìjọ lójú àlá tí ó fi ọ̀bẹ lé òun, ó sì dárúkọ ẹni náà. Ẹni náà jókòó sí ìjókòó kejì. Kí ni ẹ ó kọ́kọ́ bi í?