Wọ́n Fọ́ Ohun Tí Ìbá Gbà Wọ́n Là

Ìwọ tí o ń pọ́n ọ̀bẹ fún àwọn alápatà ní ọjà Boundary l'Ékòó, ìwọ tí o ń pọ́n sísọ́ọ̀sì fún àwọn télọ̀ ní Ajégúnlẹ̀, ìwọ tí o gbé ẹ̀rọ sánńdà kékeré tó jẹ́ tòkunbọ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ ní Àpápá, ìwọ gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Fara balẹ̀ gbọ́ mi. Àwọn tó ń jẹun nínú iṣẹ́ tí ìwọ náà ń ṣe ni ìtàn yìí ṣẹlẹ̀ sí.

Ìlú kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Sheffield. Bí o bá rí ọ̀bẹ àtijọ́ nínú àpótí ìyá àgbà, wo irin rẹ̀ dáadáa, ó ṣeé ṣe kí o rí orúkọ ìlú náà níbẹ̀. Ọ̀bẹ, fọ́ọ̀kì àti abẹ ìfárùngbọ̀n ni wọ́n fi mọ ìlú náà. Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, àwọn tó ń pọ́n irin jẹun níbẹ̀ tó 2,500. Òkúta ńlá tó ń yí ni wọ́n fi ń ṣe é. Apọ́nrin á tẹ̀ sórí òkúta náà, á fi irin kàn án, iná á máa ta pàrà, eruku á sì máa fẹ́ sí i lójú àti nímú láti àárọ̀ dalẹ́. Àwọn kan ń da omi sí òkúta wọn. Àwọn tó ń pọ́n fọ́ọ̀kì kì í dà á sí i. Gbígbẹ ni wọ́n ń pọ́n tiwọn.

Dókítà kan tó ń jẹ́ Knight ń tọ́jú wọn nílùú náà, ó sì ṣàkíyèsí ọjọ́ orí tí wọ́n ń kú. Friedrich Engels, ará Jámánì, kọ ohun tí Knight rí sínú ìwé tirẹ̀ ní 1845. Àwọn tó ń pọ́n fọ́ọ̀kì jẹ́ nǹkan bí 150, àgbà ọkùnrin 80, ọmọdékùnrin 70. Láàárín ọdún 28 sí 32 ni wọ́n ń kú. Àwọn tó ń pọ́n abẹ, tí wọ́n ń pọ́n nígbà mìíràn pẹ̀lú omi, nígbà mìíràn láìsí omi, ń kú láàárín ọdún 40 sí 45. Àwọn tó ń fi omi pọ́n ọ̀bẹ ìjẹun lè dé 50 kí wọ́n tó kú.

Tún un kà. Ìlú kan náà ni, iṣẹ́ kan náà ni. Omi lásán ló fi ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá kún ẹ̀mí àwọn kan.

Ọmọ ọdún 14 á wọṣẹ́. Bí ara rẹ̀ bá le, kò ní rí àmì kankan títí á fi pé ogún ọdún, á sì máa rò pé àwọn àgbà kàn ń dẹ́rù ba òun ni. Ibẹ̀ ni eruku ti ń tan ènìyàn. Tó bá yá, bí ó bá gun àtẹ̀gùn, èémí á kúrú. Á máa gbé èjìká sókè kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ohùn á há, ikọ́ á wọlé dé, òógùn á máa bò ó lóru, ẹran ara á sì máa joro. Àwọn ará ìlú mọ àìsàn yìí débi pé wọ́n fi iṣẹ́ náà sọ ọ́ lórúkọ: ikọ́ fée àwọn apọ́nrin.

Ṣé kò sí ìrànlọ́wọ́ ni? Ó wà. Ní àwọn ọdún 1820, ọkùnrin kan ní Sheffield tó ń jẹ́ J. H. Abraham lo mágínẹ́ẹ̀tì láti máa fa eruku irin kó tó dé imú òṣìṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ìbòrí sórí òkúta, tí atẹ́gùn á máa fa eruku gba inú ihò jáde síta. Ohun èlò náà wà nílẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Àwọn apọ́nrin fúnra wọn ni kò fẹ́ ẹ. Níbòmíràn, wọ́n fọ́ ọ.

Dúró níbí pẹ̀lú mi díẹ̀, nítorí ibí yìí ni ẹ̀mí wọn ti bọ́. Wọn kì í ṣe òpè. Wọ́n ń sin ẹlẹgbẹ́ wọn, wọ́n sì mọ ohun tó pa á. Ohun tí wọ́n sọ ni pé bí iṣẹ́ náà kò bá pani mọ́, àwọn ènìyàn á rọ́ wọ inú rẹ̀, owó iṣẹ́ á sì wálẹ̀. Wọ́n gbé owó sórí òṣùwọ̀n, wọ́n gbé èémí sí ìkejì, wọ́n sì mú owó. Wọ́n ní ayé kúkúrú tó dùn tẹ́ àwọn lọ́rùn. Èwo ni ayọ̀ ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀? Ta ni yóò ná owó náà, nígbà tí bàbá kú ní ọdún 30, tó fi ọmọ kékeré sílẹ̀, tí ọmọ náà sì wọ iṣẹ́ kan náà ní ọdún 14 kí ilé lè jẹun?

Má tíì dá wọn lẹ́bi. Ìbòmú tí o ra lásìkò Kòrónà ní 2020 dà? Ṣé kì í ṣe ọrùn rẹ ló wà nígbà tí o ń pọ́n àdá? Ṣé kì í ṣe ìwọ lo sọ pé ooru pọ̀, oníbàárà ń kánjú, kò sáyè? Àwọn ará Sheffield náà ní ìdí tiwọn.

Ìwọ lè sọ pé òkúta kọ́ ni mò ń lò, bẹ́líìtì sánpépà ni. Òótọ́ ni. Òkúta yanrìn tiwọn ló pọ̀ ní sílíkà, eruku tí ń dá àpá sínú ẹ̀dọ̀fóró, tí àpá náà kì í sì í jinná títí ọjọ́ ikú. Ní 1997, àjọ IARC ti Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Bẹ́líìtì òde òní kò ní sílíkà tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irin ń di eruku lórí rẹ̀. Ọ̀bẹ tí kì í dípẹtà ní kírómíọ̀mù nínú, àwọn mìíràn tún ní níkẹ́ẹ̀lì, eruku rẹ̀ sì kéré débi pé irun imú kò lè dá a dúró. Bí ó bá sì jẹ́ pé fáìlíǹ mẹ́ṣìn tí o fi ń pọ́n àdá náà lo fi ń gé táìlì àti kọnkéré ní ọjọ́ kejì, eruku Sheffield gan-an lò ń fà símú yẹn.

Má sì rò pé orí ìwọ nìkan ni ewu eruku yìí yóò mọ. Ní 2010, ní Ìpínlẹ̀ Zamfara lókè Ọya, àwọn tó ń wá góòlù gbé ẹ̀rọ ìlọta wọ agboolé, wọ́n ń fi lọ òkúta. Òjé wà nínú òkúta náà. Eruku rẹ̀ bo ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ń ṣeré lórí rẹ̀, ó bá aṣọ iṣẹ́ bàbá wọlé. Ní àwọn abúlé bíi Dareta àti Yargalma, isà òkú ọmọdé ń pọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn dókítà àjọ MSF (Médecins Sans Frontières) wà lára àwọn tó kọ́kọ́ pariwo. Ó lé ní 400 ọmọ tó kú. Oúnjẹ ni àwọn bàbá wọ̀nyẹn ń wá fún ọmọ wọn. Nítorí náà, aṣọ tí o fi pọ́n irin, bọ́ ọ sí ṣọ́ọ̀bù. Fọ ọwọ́ àti ojú kí o tó gbé ọmọ.

Gbé ẹ̀rọ rẹ síta, kí atẹ́gùn máa ti ẹ̀yìn rẹ fẹ́ eruku lọ, kó má sì fẹ́ ẹ sọ́dọ̀ ìyá tó ń ta oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Tí òjò bá dé, dá iṣẹ́ dúró. Má tilẹ̀kùn mọ́ eruku. Ìbòmú aláṣọ kò tó, N95 ni kí o lò, kó lẹ̀ mọ́ ojú rẹ dáadáa. Fi awò bo ojú. Jẹ́ kí etí ọ̀bẹ kọjú síbi tí bẹ́líìtì ń sá lọ, má jẹ́ kó pàdé rẹ̀, nítorí bẹ́líìtì lè gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ. Máa ri irin bọ omi lemọ́lemọ́. Bí etí rẹ̀ bá ti dúdú bí aró, líle rẹ̀ ti lọ, oníbàárà rẹ á sì padà wá bínú. Wọ́n omi sílẹ̀ kí o tó gbálẹ̀, má sì fi ẹnu fẹ́ eruku kúrò lára ẹ̀rọ.

Bí o bá tún ń ṣe káfíńtà, tí o ti fi sánńdà kan náà ha pákó, da lẹ́búlẹ́bú igi inú àpò rẹ̀ nù kí irin tó kàn án. Ẹ̀ta iná kan ṣoṣo tó láti gbiná nínú àpò yẹn, ìwọ sì mọ bí ilé ṣe fara ti ilé ní Ajégúnlẹ̀.

Bí o bá ti ń húkọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, má lọ ra àgbo lójú ọ̀nà. Lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹ̀dọ̀fóró tí sílíkà ti bà jẹ́ tètè ń kó ikọ́ ife, àyẹ̀wò àti oògùn ikọ́ ife sì jẹ́ ọ̀fẹ́ ní Nàìjíríà. Sọ fún dókítà pé irin lo ń pọ́n. Bí o kò bá sọ ọ́, kò ní mọ̀.

Ọmọ iṣẹ́ rẹ ń wò ọ́. Ìyá rẹ̀ ló fà á lé ọ lọ́wọ́, ohun tí o bá sì ń ṣe lójú rẹ̀ ni òun náà yóò máa ṣe nígbà tó bá di ọ̀gá. Kí o tó ra bẹ́líìtì mìíràn, ra ìbòmú méjì, fi ọ̀kan fún un, kí o sì rí i pé ó wọ̀ ọ́.