Igbe Ọ̀dọ́, Ìsinmi Àgbà
Bí bọ́ọ̀lù bá ń lọ lọ́wọ́ ní pápá Durbar, ní Ọ̀yọ́ ọmọ Atìbà, tí igbe àwọn ọ̀dọ́ gba àdúgbò kan, tí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sì kún gọ́tà, ta ni ó jàre: arúgbó tí kò rí oorun sùn, tàbí èwe tí ara ń yá? Ọlọ́run tí ó dá òru fún ìsinmi ni ó fi agbára sára ọmọdé. N kò ka ariwo eré sí ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀rá ni mo kà sí i: ariwo a máa rọlẹ̀, ọ̀rá kì í jẹrà, gọ́tà tí ó dí a sì máa da àgbàrá sílé aláìmọwọ́mẹsẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí tilẹ̀ gbà pé mímú ìpalára kúrò lọ́nà jẹ́ ara ìgbàgbọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀: kí àgbà fara da igbe dìrọ̀lẹ́, kí ọmọdé ṣa ọ̀rá rẹ̀ kí ó tó relé.