Èsì Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀, Àmánà Ni



Arábìnrin kan tí mo mọ̀ fẹ́ so yìgì. Wọ́n ní kó mú èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wá, ó sì kó o fún akọ̀wé ẹgbẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn tí kò bá a tan ti ń pè é ní SS nídìí àsàlátù. Akọ̀wé ní ẹnì kan péré ni òun sọ ọ́ fún. (Ẹnì kan péré náà ní ẹnì kan tirẹ̀!)

Ẹ̀yin ará mi, nínú Súrátu Nisai, ẹsẹ 58, Ọlọ́hun pàṣẹ kí á dá àmánà padà fún àwọn tó ni ín. Ṣé owó nìkan ni àmánà ni?

Òfin ìjọba pàápàá ti dé ibẹ̀. Òfin tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ nípa ẹni, tí wọ́n buwọ́ lù ní Nàìjíríà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ka ọ̀rọ̀ ìlera àti ẹ̀sìn ẹni sí ohun tó nílò ààbò àrà ọ̀tọ̀. Ẹgbẹ́ ẹ̀sìn lè tọ́jú irú rẹ̀ nípa ọmọ ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jáde síta láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín fọwọ́ sí i. Nígbà tí ohun tí a tìtorí rẹ̀ gbà á bá sì ti parí, kí á má ṣe tọ́jú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin akọ̀wé, bí yìgì bá ti so tán, ẹ dá ìwé èsì padà.

Akọ̀wé yẹn ń tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ẹ̀dá ló jẹ. Kó kọ́kọ́ lọ sí ilé arábìnrin náà.