Ìbò Tí Kò Ṣe Ojúsàájú

Bí ohun kan ṣoṣo bá wà nílẹ̀ tí ẹni púpọ̀ sì ní ẹ̀tọ́ sí i lọ́gbọọgba, báwo ni a ó ṣe pín in? Ìbò ni àwọn baba wa a máa dì: kí olúkúlùkù na ọwọ́ mú nǹkan láìwò. Ní ìlú Áténì ayé àtijọ́, ní ilẹ̀ Gíríìsì, irú ìbò yìí ni wọ́n fi ń yan ìgbìmọ̀ ẹni 500, àwọn 50 láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀yà mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n kí ni ó ń sọ ìbò di òdodo?

Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé ní Ìwéré-Ilé, ọmọ mẹ́rin gba máàkì kan náà, ìwé atúmọ̀-èdè kan ṣoṣo ni ó sì wà fún ẹ̀bùn. Mo da kóró àgbàdo mẹ́rin sínú akèrègbè, funfun mẹ́ta, pupa kan. Ẹni tí ó bá mú pupa ni ó ni ìwé. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí ń gbé lọ́dọ̀ mi, ni ó kọ́kọ́ mú, ó sì mú pupa. Ọmọbìnrin tí ì bá mú kẹ́yìn bú sẹ́kún pé, “Ọ̀gá, ẹni tí ó ṣíwájú ni ó jàǹfààní!”

Mo kọ ìṣirò rẹ̀ sí ara pátákó. Ààyè ẹni kìn-ín-ní jẹ́ ¼. Kí ẹni kejì tó lè jẹ ẹ́, ẹni kìn-ín-ní gbọ́dọ̀ mú funfun, èyí ni ¾; kóró mẹ́ta ni yóò kù: ¾ lọ́nà ⅓ jẹ́ ¼. Ti ẹni kẹta jẹ́ ¾ lọ́nà ⅔ lọ́nà ½: ¼ náà ni. Bí àwọn mẹ́ta bá sì mú funfun, pupa ni ó kù fún ẹni ìkẹyìn. ¼ ni tirẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó ṣíwájú kò ju ẹni tí ó kẹ́yìn lọ.

Inú mi dùn sí ẹ̀kọ́ náà, àfi ìgbà tí ọmọ kejì da akèrègbè dé, tí ó kó àwọn kóró náà sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Èyí tí ó pupa tóbi ju àwọn ìyókù lọ. Ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n láìwò. Ìṣirò mi tọ́, akèrègbè mi ni kò tọ́.

Mo wá kóró mẹ́rin tí ó dọ́gba, mo fi yíǹkì kun ọ̀kan, a sì tún ìbò náà dì. Ọmọ kẹta ni ó jẹ ẹ́. Ọmọbìnrin náà pàdánù, ṣùgbọ́n kò sunkún mọ́.

Ní alẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé, “Bàbá, èmi kò yọjú wo inú rẹ̀. Kí ló dé tí ẹ fi gba ìwé lọ́wọ́ mi?” Mo dáhùn pé, “Ìwọ kò ṣẹ̀. Èmi ni mo ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bọ́ sí wa lọ́wọ́ nígbà tí ààyè ẹnìkejì wa kò dọ́gba pẹ̀lú tiwa, kò tíì di tiwa.” Kò fèsì. Ó dùn ún, ó sì dun èmi náà.

Nítorí náà, ọmọ mi, bí o bá di ẹni tí ń pín nǹkan, yẹ inú akèrègbè wò kí ẹnikẹ́ni tó na ọwọ́. Bí o bá sì jẹ́ ẹni tí orí ṣe ní oore, má ṣe bínú sí ẹni tí ó ní kí a da akèrègbè dé kí a wò ó.