Ṣé ó tọ́ kí a fi ẹja ṣeré?

Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tí ó bá mú ìwọ̀ lọ sí etí omi, ọbẹ̀ ni ó ń wá. Bí ó bá rí ẹja mú, yóò gbé e wá sílé. Bí ó bá pọ̀, ìyàwó rẹ̀ yóò yan díẹ̀ lọ sí ọjà. Kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè ìdí tí ó fi pa ẹja. Ìkòkò ti dáhùn fún un.

Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kan wà láyé tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ òfúrufú, tí wọ́n ń ná owó púpọ̀, kí wọ́n lè fi ìwọ̀ mú ẹja tí wọn kò ní jẹ. Bí wọ́n bá ti mú un, wọn a ya fọ́tò rẹ̀, wọn a sì tú u sílẹ̀. Ǹjẹ́ ohun tí wọ́n ń ṣe yìí dára?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹja náà. Tarpon ni orúkọ rẹ̀. Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì jọ ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó wà ní etí òkun Amẹ́ríkà, ó sì wà ní etí òkun tiwa pẹ̀lú, láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Àǹgólà. Ara rẹ̀ ń dán bí fàdákà. Ìpẹ́ rẹ̀ tóbi púpọ̀. Ó lè gùn ju mítà 2 lọ, kí ó sì wọ̀n ju 100 kílò lọ. Èyí ju àpò sìmẹ́ńtì méjì lọ.

Ó ń mí nínú omi bí ẹja yòókù, ṣùgbọ́n ó tún lè gòkè wá gbé afẹ́fẹ́ mì lójú omi. Afẹ́fẹ́ náà á wọ inú àpò kan ní ikùn rẹ̀, àpò yẹn á sì ṣiṣẹ́ bí ẹ̀dọ̀fóró. Nítorí náà ni ó fi lè gbé inú omi tí kò ṣàn, níbi tí ẹja mìíràn yóò kú sí. Òkun ni abo rẹ̀ ń yé ẹyin sí, ẹyin náà sì lè ju mílíọ̀nù 10 lọ. Ọmọ tí ó jáde kò jọ ẹja rárá. Ó tẹ́ pẹlẹbẹ bí ewé, ó mọ́ bí gíláàsì. Omi òkun á gbé e wá sí etí ilẹ̀, á wọ inú ọ̀sà, láàárín àwọn igi tí ń ta gbòǹgbò sínú omi iyọ̀. Ibẹ̀ ni ó ti ń dàgbà, nítorí ẹja ńlá kì í sábà wọ ibẹ̀ wá jẹ ẹ́. Kò yára dàgbà o! Ó tó nǹkan bí ọdún 10 kí abo tó bẹ̀rẹ̀ sí yé ẹyin, ó sì lè lò ju ọdún 50 lọ láyé. Ẹ ò rí i pé ẹja náà lè dàgbà ju ẹni tí ó mú un lọ.

Agbára rẹ̀ ni àwọn eléré ń wá. Bí ìwọ̀ bá ti kọ́ ọ lẹ́nu, á fò jáde nínú omi, á máa gbọn orí, ara rẹ̀ á máa kọ mànà nínú oòrùn. Ẹnu rẹ̀ le bí egungun, nítorí náà ìwọ̀ sábà máa ń bọ́. Ìjà náà lè gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Florida, ní Amẹ́ríkà, láti nǹkan bí ọdún 1885 ni wọ́n ti ń fi ọ̀pá ìwọ̀ mú un. Èyí tí ó tóbi jù lọ nínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn, ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ti wá: ní Rubane, erékùṣù kan ní Guinea-Bissau, ní ọdún 2003. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 130 kílò.

Àwọn ará Florida kì í sábà jẹ ẹ́, nítorí egungun rẹ̀ pọ̀. Ní ọdún 1989, ìjọba wọn ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ pa ọ̀kan san 50 dọ́là. Láti 2013, wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn máa tú u sílẹ̀, àfi ẹni tí ó bá ń wá ipò àkọ́kọ́ nínú ìwé àkọsílẹ̀, tí ó sì ti sanwó. Èyí tí ó bá gùn ju mítà 1 lọ, wọn kò gbọdọ̀ gbé e kúrò nínú omi.

Ẹlòmíràn yóò ní: «Bí wọ́n bá tú u sílẹ̀, kí ni ó kù?» Ohun kan kù. Ẹja náà ti rẹ̀. Requin, ẹja ńlá eléyín ayùn, mọ ibi tí àwọn apẹja wà, ó sì ń dúró dè é. Àwọn onímọ̀ so ẹ̀rọ kékeré mọ́ àwọn tarpon tí a tú sílẹ̀ ní Florida, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí 13 nínú 100 ni ó kú. Requin ni ó pa púpọ̀ nínú wọn.

Àwọn àgbà wa sọ pé ẹni tí yóò mú igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Ìwọ̀ náà, igi ṣóńṣó ni. Ẹja kò mọ̀ pé eré ni. Ẹ̀mí rẹ̀ ni ó ń jà fún. Lójú tèmi, ẹni tí ebi ń pa ní ẹjọ́ tí ó lè rò níwájú ẹja ju ẹni tí ń wá ìdùnnú lọ.

Ṣùgbọ́n kí a má tíì yọ̀. Nínú 100 tí àwọn eléré mú, nǹkan bí 87 ló padà sínú omi láàyè. Nínú 100 tí àwa mú, mélòó ló padà? Ní ọ̀sà Nokoué, àwọn kan ń na àwọ̀n ojú wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní mẹdokpokonu. Ohun tí ó kéré bí ìka ọwọ́ kò lè kọjá níbẹ̀. Ẹni tí ó na àwọ̀n yẹn kò ṣeré rárá, ọmọ rẹ̀ ni ó fẹ́ bọ́. Síbẹ̀, ẹja tí kò tíì yé ẹyin rí ni ó ń kó. Èrò rere wà lọ́kàn rẹ̀, omi sì ń gbẹ́ ẹja. Ẹni tí ń ṣeré kò ní èrò rere kan, ẹja rẹ̀ sì ń bí sí i. Ọ̀rọ̀ yìí le fún mi. Ẹjọ́ rere tí a ní kò sọ pé ẹja yóò wà fún ọmọ wa.

Ohun kan tún wà. Àjèjì tí ó wá ṣeré kì í mọ omi. Ní Florida, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń jẹun nípa wíwa ọkọ̀ fún àwọn tí ń wá tarpon. Ẹja kan náà lè mú owó wá lónìí, kí ó tún mú un wá lọ́dún tí ń bọ̀, bí kò bá kú. Eré ni fún ẹni tí ó sanwó, iṣẹ́ ni fún ẹni tí ó gbà á. Èmi kò lè ní kí awakọ̀ yẹn kọ owó náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọmọ mi, n óò bi í bóyá ó máa ń wo inú omi kí wọ́n tó tú ẹja náà sílẹ̀, kí ó lè mọ̀ bóyá requin ti dé.