Ojú Wo Ni A Fi Ń Wo Amẹ́ríkà?

 

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, láti ìgbà tí a ti ti ìrìn àjò Amẹ́ríkà dé, ìbéèrè kan náà ni ọ̀pọ̀ yín ń bi wá: "Ààfáà, èló ni wọ́n ń gbà níbẹ̀ lóṣù? Báwo ni a ṣe ń rí físà?" A kò bínú. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n nínú Súrà Ankabuti, áyà 20, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé kí á rìn lórí ilẹ̀ kí á sì wo bí Òun ṣe bẹ̀rẹ̀ ìṣẹ̀dá. Wíwò yẹn ni a fẹ́ bá yín sọ, nítorí àwa pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣì í wò.

Chicago ni a kọ́kọ́ dé, létí adágún Michigan, omi tí ojú kò lè rí òdìkejì rẹ̀. Ilé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Sears Tower kí wọ́n tó sọ ọ́ di Willis Tower ní 2009. Àjà 110 ni ó ní, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 442, nígbà tí wọ́n sì kọ́ ọ dé òkè ní 1973, kò sí ilé tí ó ga tó o láyé. Ẹnjiníà tí ó ṣírò bí yóò ṣe dúró nínú atẹ́gùn ni Fazlur Rahman Khan, ọmọ Mùsùlùmí láti ilẹ̀ tí à ń pè ní Bangladesh lónìí. Òpó ńlá oníhò mẹ́sàn-án ni ó pa pọ̀ tí wọ́n di ara wọn mú. Òṣùṣù ọwọ̀ ni, ẹ̀yin ará: ẹyọ kan ṣẹ́ wẹ́rẹ́, ta ni yóò ṣẹ́ gbogbo rẹ̀? Ó kú ní Jeddah ní 1982, Chicago ni wọ́n sì sin ín sí. Ilé tí ó wọ̀ kẹ́yìn kò ní àjà kan ṣoṣo.

A tún wọ bàálù lọ sí Arizona, a sì fi mọ́tò parí ìrìn náà dé Grand Canyon, ọ̀gbun tí odò Colorado gbẹ́, tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ní 1919 kí ẹnikẹ́ni má baà bà á jẹ́. Gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 446. Níbi tí ó ti fẹ̀ jù, ó tó kìlómítà 29. Jíjìn rẹ̀ lé ní kìlómítà kan ààbọ̀. Omi ni ó ṣe é, omi àti iyanrìn tí ó ń wọ́ lọ, fún ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìpele ìpele, funfun, pupa, aláwọ̀ eérú. Nísàlẹ̀ pátápátá ni òkúta dúdú wà, tí àwọn onímọ̀ sọ pé ọjọ́ orí rẹ̀ ju bílíọ̀nù ọdún kan ààbọ̀ lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ máa ń kìlọ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ pé gígùnkè padà ni iṣẹ́ wà. (Ẹni tí ó ti bá ẹgbẹ́ búburú rìn rí yóò mọ̀ ọ́n.)

Súrà Fátír ni ó wá sí wa lọ́kàn. Ní áyà 27, Ọlọ́hun sọ̀rọ̀ nípa àwọn ìlà funfun àti pupa àti dúdú tí ó wà lára àwọn òkè. Áyà tí ó tẹ̀ lé e ni ó sọ pé àwọn onímọ̀ nínú ẹrú Rẹ̀ ni ó ń páyà Rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéú ní áyà kejì yìí, tí a ń fi í gbé àwa ààfáà ga, a kò sì bi ara wa rí ìdí tí òjò àti òkè fi ṣáájú rẹ̀. Ọmọ kéú tí ó ń fojú tín-ín-rín ìmọ̀ òkúta, àti ọmọ yunifásítì tí ó ń fi kéú ṣe yẹ̀yẹ́, ìdajì ọ̀rọ̀ ni àwọn méjèèjì gbọ́.

Ẹ wá gbọ́ àṣìṣe wa. Arìnrìn àjò ni wá, a ti pinnu láti pa Àìlà pọ̀ mọ́ Àlàásàrì. A débẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́ta. A wò, a ya àwòrán, a tún yà. Nígbà tí ẹni tí a jọ lọ fọwọ́ kàn wá léjìká, oòrùn ti pọ́n. Ànábì bu ẹnu àtẹ́ lu ìrun ẹni tí ó jókòó títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀, tí ó wá ń ṣá a bí adìẹ ti ń ṣá àgbàdo. Àwa ni a wà níbẹ̀ yẹn, tí a ń ṣe àlùwàlá pẹ̀lú omi inú ike, tí ọwọ́ wa ń gbọ̀n. A wá àmì Ọlọ́hun dé ibẹ̀, àmì náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà wá lọ́wọ́ Ẹni tí ó ni ín.

Nílé, ìlà oòrùn ni à ń kọjú sí. Níbẹ̀, apá àríwá tí ó tẹ̀ díẹ̀ sí ìlà oòrùn ni ojú Káábà wà, etí ọ̀gbun náà lápá gúúsù ni a sì dúró sí. Ọ̀gbun ni ó wà níwájú wa nígbà tí a forí kanlẹ̀.

Nígbà tí a fi àwòrán náà han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, owó ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn béèrè. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni ó béèrè ohun tí ó fa ìlà tí ó wà lára òkúta náà. A ní kí ó ka Fátír fún gbogbo kíláàsì, a sì ní kí ó lọ bá olùkọ́ jọ́gíráfì ní iléèwé rẹ̀. Ó ti padà dé pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́ta mìíràn. A kò tíì rí ìdáhùn sí wọn. À ń wá a.