Owó Oṣù Méje

Bí ayálégbé bá san owó ilé ọdún kan, tí ó sì jáde ní oṣù kẹrin, ta ni ó ni owó oṣù mẹ́jọ tí ó kù? Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ má tíì dáhùn. Èmi ti yára dáhùn ìbéèrè yìí rí, ọkàn mi kò sì balẹ̀ láti ìgbà náà.

Ìyá mi ní ilé kan ní Ìkọ̀lé. Láti ọdún 2011 tí ìjọba àpapọ̀ ti dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ọyẹ́, tí apá kan rẹ̀ sì wà ní Ìkọ̀lé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá yàrá kiri ìlú wa. Ní ọdún 2022, ṣọ́jà kan gba yàrá méjì lọ́wọ́ ìyá mi, ó sì san owó ọdún kan sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ní oṣù kẹrin, àṣẹ dé pé kí ó máa lọ sí Borno. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Màmá, n kò ní kí ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà. Èyí tí agbára yín bá ká, ẹ jọ̀wọ́, kí n fi kó ìyàwó mi lọ sílé.” Ìyá mi wo ojú mi, nítorí ó ti fi owó náà ra páànù. Èmi ni mo dáhùn: “Ọ̀gá, ọdún kan ni a jọ sọ. Àwa kọ́ ni a ní kí ẹ máa lọ.”

Kò ju oṣù kan lọ tí akẹ́kọ̀ọ́ méjì fi wọ yàrá náà. Èmi náà ni mo kọ rìsíìtì fún wọn.

Ẹnìkan lè wí pé mo jàre. Gbogbo onílé kọ́ ni olówó. Opó ni ẹlòmíràn nínú wọn, owó ilé ni ó sì fi ń jẹun. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tí ilé sú tí ó kó jáde, àti ẹni tí a pàṣẹ fún, ọ̀ràn wọn kò rí bákan náà. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2003, tí ó gba ipò ti 1940, yọ̀ǹda fún ṣọ́jà tí a bá gbé lọ sí ibòmíràn láti fi ilé sílẹ̀, kí onílé sì dá owó tí ó ti san ṣáájú padà fún un. Èmi kò fara mọ́ ọn tán. Ìjọba ni ó pàṣẹ. Kí ló dé tí ìyá arúgbó kan yóò fi nìkan ru àdánù rẹ̀?

Èyí ni èrò tèmi. Bí yàrá bá ṣófo, kí onílé mú owó iye oṣù tí ó fi ṣófo. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá ti wọlé tí ó sì ti sanwó, a kò gbọdọ̀ gba owó lẹ́ẹ̀mejì lórí yàrá kan. Èyí tí ó lé, ti ẹni tí ó lọ ni. Bí onílé bá tilẹ̀ ti ná an, gbèsè ni. Kí a sì kọ èyí sínú ìwé kí a tó fi kọ́kọ́rọ́ lé ayálégbé lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì ní agbègbè Ìkọ̀lé. Gbogbo wa ń bèèrè pé, àwọn ṣọ́jà dà? Mo rántí ọ̀kan tí mo mọ̀, tí owó oṣù méje rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn wa. Nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú ìwé àdéhùn. Mo ti ń kó owó náà jọ díẹ̀díẹ̀ nínú owó iṣẹ́ mi, nítorí ẹnu mi ni ìdáhùn ọjọ́ náà ti jáde.

Wàyí o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ lè dáhùn.